Agbára Òmìnira: Iye Òdiwọ̀n àti Iye Gidi

Agbára òmìnira Gibbs, tí lẹ́tà G dúró fún, ni ìwọ̀n agbára inú àwọn èròjà tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwọ̀n ìgbóná àti ìfúnpá kò bá yí padà. Josiah Willard Gibbs, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Yale, ló fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀ láàárín 1875 sí 1878. Bí ìyàtọ̀ agbára yìí, ìyẹn ΔG, bá wà nísàlẹ̀ òdo, ìyípadà kẹ́míkà lè tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò sọ bí yóò ti yá tó. Bó bá ju òdo lọ, ẹ̀yìn ló ń fà sí.

Iye òdiwọ̀n, ΔG°, jẹ́ ti ipò tí wọ́n fẹnu kò sí: gáàsì kọ̀ọ̀kan wà ní báà 1, èròjà inú omi jẹ́ móòlù 1 nínú lítà 1, ìwọ̀n ìgbóná sì sábà máa ń jẹ́ 25 °C. Ipò gidi kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ báyìí: ΔG = ΔG° + RT ln Q, níbi tí R ti jẹ́ júùlù 8.314 fún móòlù kan fún kélífìnì kan, tí T jẹ́ ìwọ̀n ìgbóná ní kélífìnì, tí Q sì ń sọ bí ohun tó ti jáde ṣe pọ̀ tó sí ohun tó ṣẹ́kù ní àkókò náà gan-an.

Aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ní 25 °C, ΔG° omi tó ń di oru jẹ́ nǹkan bíi kílójúùlù +8.6 fún móòlù kan, síbẹ̀ aṣọ ń gbẹ, nítorí oru omi inú afẹ́fẹ́ kò súnmọ́ báà 1 rárá. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbà, ΔG á di nǹkan bíi −1.7, lásìkò ọyẹ́, ó tún ń lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì wà lára ohun tó ń mú kí aṣọ tètè gbẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ΔG° ló ń di òdo nígbà ìdọ́gba. ΔG ló ń di òdo; ΔG° kò kúrò níbi tó wà, òun ló sì ń pinnu ibi tí ìdọ́gba yóò wà: ΔG° = −RT ln K, níbi tí K ti jẹ́ iye Q nígbà ìdọ́gba.

Nínú ara, iye òdiwọ̀n fún fífi omi tú ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, sí ADP, lábẹ́ pH 7, jẹ́ kílójúùlù −30.5 fún móòlù kan, ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, níbi tí ATP ti pọ̀ ju ADP lọ fíìfíì, iye gidi, ΔG, tó nǹkan bíi −52. Sẹ́ẹ̀lì tí ΔG yìí bá di òdo nínú rẹ̀ ti kú.