Ìrìn Àjò Ooru Tó Ń Ṣòfò: Láti Orí Bàbà Dé Inú Ike

Ní ọdún 1821, ní ìlú Berlin, Thomas Johann Seebeck so oríṣi mẹ́táàlì méjì, irú bíi bàbà àti bísímọ́ọ̀tì, pọ̀ ní òrùka, ó sì rí i pé bí ojú ìsopọ̀ kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí a máa yí. Ó gbà pé ooru ló sọ òrùka náà di mágínẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń ṣàn nínú rẹ̀. Ørsted, ará Denmark, ló sì fún un ní orúkọ tó bá a mu. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀nà yìí ni àwọn ará Soviet gbà tí ooru àtùpà elépo kẹrosíìnì fi ń mú rédíò ṣiṣẹ́ ní abúlé tí kò ní iná, òun náà ló sì ń fún ọkọ̀ gbalasa òfúrufú Voyager, tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní 1977, ní agbára.

Èròjà mìíràn tí wọ́n wá ń dán wò fún iṣẹ́ yìí ni pọ́límà, ìyẹn èròjà tí ẹyọ kéékèèké rẹ̀ so kọ́ra gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, irú bí ike, ọ̀rá àti rọ́bà. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ike ni pé kì í gbé iná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í bo wáyà. Ní 1967, nínú yàrá ìwádìí Hideki Shirakawa ní Tokyo, ẹnì kan ṣi èròjà tó ń mú kẹ́míkà yára pọ̀ wọ̀n, ó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún sí i, ohun tó sì jáde jẹ́ awọ pọ́límà fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù. Shirakawa tọ́jú rẹ̀, òun pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger sì fi èéfín áyódínì kàn án ní Pennsylvania, agbára rẹ̀ láti gbé iná sì ga ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po mílíọ̀nù. Ìkéde wọn jáde ní 1977, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ lé e ní 2000.

Òṣùwọ̀n ZT, tí wọ́n fi ń mọ bí èròjà kan ṣe dára tó láti sọ ooru di iná, a máa ga bí iná bá ń gba inú èròjà náà kọjá dáadáa, a sì máa wálẹ̀ bí ooru bá ń tètè gbà á kọjá. Àbùkù àtijọ́ ike, ìyẹn àìgbé ooru, èyí tó mú kó yẹ fún ìdímú ìkòkò, wá di iyì rẹ̀ níbí. Pọ́límà PEDOT, tí ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ṣe ní àwọn ọdún 1980, ni àwọn onímọ̀ Linköping ní Sweden gbé dé ZT 0.25 ní 2011. Ní 2013, àwọn ti Yunifásítì Michigan gbé e dé 0.42, nígbà tí àdàpọ̀ bísímọ́ọ̀tì àti tẹlúríọ̀mù, èyí tó wọ́n tó sì tètè ń fọ́, wà ní nǹkan bí 1. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ooru di iná kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan: ó ń fẹ́ èròjà tó ń gbé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, àti èkejì tó ń gbé àlàfo tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀. PEDOT ṣe ti èkejì yìí dáadáa, ṣùgbọ́n fún ọdún pípẹ́ ni afẹ́fẹ́ lásán fi ń ba pọ́límà ti àkọ́kọ́ jẹ́.