Àṣẹ Lórí Bàálù, Àṣẹ Lórí Iléeṣẹ́: Ipò Ọ̀gá Àgbà nínú Ìtàn Ọkọ̀ Òfuurufú ní Èkó

Láti June 2005 tí Virgin Nigeria kọ́kọ́ gbé èrò títí di September 2012 tó kógbá sílé, orúkọ mẹ́ta ni iléeṣẹ́ náà jẹ́. Simon Harford ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́; Conrad Clifford gba ipò lẹ́yìn rẹ̀; Captain Dapo Olumide, awakọ̀ bàálù, ló tẹ̀lé e. Abẹ́ Olumide ni Virgin Nigeria ti di Nigerian Eagle ní September 2009. Ní 2010, Jimoh Ibrahim, oníṣòwò ọmọ Igbótako ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ra ìpín tó pọ̀ jù, ó sì sọ ọ́ di Air Nigeria. Ọdún méje àti díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀gá mẹ́ta ló pàdé nínú rẹ̀: èyí tó bá alájọṣe òkèèrè wá, èyí tó ti inú iṣẹ́ bàálù gòkè, àti èyí tó fi owó ra àga.

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ̀wé lórí bàálù Nàìjíríà, pé àìmọṣẹ́ ọ̀gá ló ń pa iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹ lé àwọn oníṣòwò kúrò, ẹ fi ẹni tó mọ inú bàálù síbẹ̀, nǹkan á bọ́ sípò. Èrò náà dùn ún gbọ́, ìparí Air Nigeria lọ́wọ́ oníṣòwò sì fẹ́ gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Jimoh Ibrahim ló pa ìrìn-àjò Èkó sí London rẹ́. Ní 27 January 2009, ṣáájú kí ó tó ra ohunkóhun níbẹ̀, ni iléeṣẹ́ náà ti dá ìrìn-àjò London àti ti Johannesburg dúró. Ní February 2017, AMCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè tó dà báǹkì láàmú, gba iléeṣẹ́ bàálù Arik lọ́wọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi Captain Roy Ilegbodu, awakọ̀ bàálù, ṣe olórí rẹ̀. Arik kò tún tóbi tó bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Allen Onyema ní tirẹ̀, agbẹjọ́rò ni. Air Peace tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní October 2014, ó sì gúnlẹ̀ sí Gatwick ní London ní March 2024. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ọ̀gá nípa bàálù ló ń gbé iléeṣẹ́ ró, òdìkejì ni ìtàn wọ̀nyí ìbá jẹ́. Àwọn tó ṣì di èrò náà mú ní láti ṣàlàyé èyí, wọn kò sì tíì ṣe é.

Ohun tí wọ́n fojú fò ni pé àṣẹ méjì ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àṣẹ lórí iléeṣẹ́ ni àkọ́kọ́: ta ni kí wọ́n gbà síṣẹ́, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, ìlú wo ni kí wọ́n máa fò lọ, ọ̀dà wo ni kí wọ́n kùn sára bàálù. Àṣẹ lórí bàálù ni ìkejì: ta ló lè gbé e lọ lọ́la, ta ló ń pinnu pé ó yá fún fífò, owó ta ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń yan ọ̀gá àgbà kì í fún un ju àṣẹ àkọ́kọ́ lọ. Ìkejì wà nínú ìwé mìíràn, ìwé háyà, ẹni tó sì fọwọ́ sí i lápá kejì kì í sábà gbé ní Èkó.

Ní gáréèjì Kétu àti ti Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, kò sí ọmọ ìdíkọ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Awakọ̀ dáńfó ló ń pinnu ọ̀nà tí yóò gbà, iye tí kọ́ńdọ̀ yóò gbà lọ́wọ́ èrò, àti ìgbà tí yóò sinmi. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, owó dẹlífárì gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, èrò ìbáà wọ̀, kò báà má wọ̀, ìbáà jẹ́ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló fi ọjọ́ náà ṣòfò. Bí kò bá pé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ọlọ́kọ̀ á gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà tó háyà gbogbo bàálù tó ń fò kò yàtọ̀ sí awakọ̀ yìí, bó ti wù kí ọ́fíìsì rẹ̀ ga tó.

Háyà fúnra rẹ̀ pín sí méjì, àṣìṣe ńlá sì ni kí a pa wọ́n pọ̀. Nínú háyà tòun tawakọ̀, ẹni tó ni bàálù máa ń fi awakọ̀, òṣìṣẹ́ inú bàálù, ẹnjiníà àti ìbánigbófò kún un. Orúkọ ẹni tó háyà rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ẹni tó ni ín ló fi ń fò. Nínú háyà bàálù nìkan, ẹni tó gbà á ló ń wá awakọ̀, òun ló ń sanwó àtúnṣe, abẹ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀ sì ni bàálù wà. Nínú èyí kejì, díẹ̀ lára àṣẹ bàálù ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Nínú ti àkọ́kọ́, bóyá ni ìdá kankan ń bọ́ sí i lọ́wọ́.

Jàǹbá Jeddah ti 11 July 1991 fi èyí hàn kedere. Nigeria Airways, iléeṣẹ́ bàálù ìjọba, ti háyà DC-8 kan tòun tawakọ̀ lọ́wọ́ Nationair ti Kánádà láti kó àwọn tó lọ sí Mẹ́kà padà sí Sókótó. Èrò 247 àti òṣìṣẹ́ 14 ló wà nínú rẹ̀. Kí bàálù náà tó gbéra rárá ni àwọn òṣìṣẹ́ Nationair ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò pé nínú táyà. Wọn kò fẹ́ kí ìrìn-àjò pẹ́, wọn kò sì fẹ́ ẹ kún. Bó ti ń sáré lórí ilẹ̀ láti gbéra, táyà gbóná, ó bẹ́, iná sì wọ inú ibi tí ẹsẹ̀ bàálù ń ká sí. Awakọ̀ gbìyànjú láti padà sí pápá. Bàálù já kí wọ́n tó débẹ̀. Gbogbo èèyàn 261 ló kú. Nọ́ńbà ìrìn-àjò Nigeria Airways ló wà lórí rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn èrò rẹ̀, síbẹ̀ nínú ìpinnu tó dá lórí táyà yẹn, kò sí èyí tí ọ̀gá kankan ní Èkó ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ka jàǹbá yìí sára àìmọṣẹ́ ọ̀gá Nigeria Airways ń wá ẹ̀bi síbi tí àṣẹ kò sí. Ẹ̀bi tó lè kàn wọ́n ni ti ìwé háyà tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ̀bi náà kò sì kéré.

Háyà yìí kì í ṣe tuntun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá WAAC, iléeṣẹ́ bàálù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1946 fún Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sierra Leone àti Gambia. Ní 1958, lẹ́yìn tí Gánà yọ ara rẹ̀, iléeṣẹ́ ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 1 ọdún náà pẹ̀lú àdéhùn ọdún 15 tó gba pé bàálù BOAC, iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni yóò máa fò lọ sí London. Ìjọba àpapọ̀ di oní-gbogbo-ìpín ní 1961. Orúkọ náà sì di Nigeria Airways ní 1971. A340 tó gbéra láti Èkó lọ sí Heathrow ní 28 June 2005, ti Virgin Atlantic ni, iléeṣẹ́ tó ní ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún Virgin Nigeria. Odindi ọdún 47 wà láàrin àdéhùn méjèèjì, ètò kan náà ni wọ́n.

Nàìjíríà ti dán òdìkejì rẹ̀ wò rí. Ní 1979, ìjọba gba KLM, iléeṣẹ́ bàálù Họ́lándì, fún ọdún méjì láti wá darí Nigeria Airways: bàálù jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, ọ̀gá ni wọ́n háyà. Ìbéèrè kan yọjú níbí tó yẹ fún àpilẹ̀kọ tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kan náà ló dá Centre for Management Development sílẹ̀ ní 1973, tó fi òfin 1976 gbé e ró, láti tọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà.  Kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi wà tí ìjọba ṣì ń wá ọ̀gá lọ sí Họ́lándì lẹ́yìn ọdún mẹ́fà? Ó lè jẹ́ pé èrò tí àpilẹ̀kọ yìí ń ta kò ló ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà, pé bí ọ̀gá bá ti mọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí KLM lọ ní 1981, bàálù kò bá wọn lọ, Nigeria Airways sì tún fò fún ohun tó lé ní ogún ọdún títí di 2003. Virgin Nigeria kò rí irú ọdún bẹ́ẹ̀.

A lè jiyàn pé àṣẹ ilẹ̀ yẹ kó jẹ́ ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn tí iná jó ibùdó èrò abẹ́lé ní Ìkejà ní 2000, iléeṣẹ́ Bi-Courtney kọ́ ibùdó tuntun, MMA2, wọ́n sì ṣí i ní 2007. Virgin Nigeria ń gbé èrò abẹ́lé àti ti òkèèrè lábẹ́ òrùlé kan ní ibùdó òkèèrè pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed. Ẹni tó bá ti Àbújá wá á kàn kọjá sí bàálù London. Ìjọba ní kí èrò abẹ́lé kó lọ sí MMA2. Oṣù tí wọ́n kó wọn lọ gan-an, January 2009, ni ìrìn-àjò òkèèrè dúró. Olumide mọ bàálù wà. Kò sí ohun tí ìmọ̀ náà lè ṣe sí ọ̀rọ̀ òrùlé.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Náírà ni èrò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé, dọ́là ni wọ́n fi ń san háyà. Ṣáájú June 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba. Ní February 2024 ó ti kọjá ₦1,500.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ Air Peace, tó máa ń háyà bàálù nígbà mìíràn tí kò sì tíì ṣubú. Ṣùgbọ́n Air Peace ra ọ̀pọ̀ nínú tirẹ̀, títí kan Embraer E195-E2 tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 2021. Iléeṣẹ́ bàálù Medview ni kí a gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Muneer Bankole, olùdásílẹ̀ rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ní Nigeria Airways, ó fi gbígbé arìnrìn-àjò Mẹ́kà bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ìrìn-àjò abẹ́lé ní 2012 àti Gatwick ní 2015; bàálù háyà ló sì fi lọ sí Gatwick. Ní 2017 ìpín rẹ̀ wọ ọjà ìpín ní Èkó, ọdún kan náà ni ilẹ̀ Yúróòpù fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fò wọlé. Bankole mọṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìgbà tí Olumide kúrò nídìí bàálù, ó di ọ̀gá Ropeways Transport, tó fẹ́ fi ọkọ̀ orí wáyà kó èrò láàrin Erékùṣù Èkó, Àpápá àti Victoria Island. Iṣẹ́ náà kò parí. Ó tún wà nípò ọ̀gá láìsí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìwé háyà, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọ̀gá, ló yẹ kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ tú wò bó bá fẹ́ mọ ìdí tí iléeṣẹ́ bàálù kan fi dìde tàbí tó fi ṣubú ní Èkó. Ní 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde tó mú kí àdéhùn Cape Town, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni bàálù, rọrùn láti tẹ̀ lé, kí ẹni tó ni bàálù lè tètè gbà á padà bí wọn kò bá san háyà. Èyí yẹ kó jẹ́ kí àwọn onílé-bàálù òkèèrè gbà láti fi bàálù nìkan sílẹ̀, láìfi awakọ̀ àti ẹnjiníà tiwọn kún un. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà ní Èkó ni yóò máa gba awakọ̀, ẹnjiníà rẹ̀ ni yóò sì máa wo táyà.