Àárín Ni, Tàbí Iwájú Dírẹ́bà? Ìtàn Dáṣíbọ́ọ̀dù láti Ọkọ̀ Àtijọ́ dé Jíìpù Òde Òní

Orúkọ náà, dáṣíbọ́ọ̀dù, ti wà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé. Pákó tàbí awọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Òyìnbó, èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kí ẹrẹ̀ tí pátákò ẹṣin ń ta sókè má baà ta sí awakọ̀ lára. Kò sí aago lára rẹ̀, kò sì sí bọ́tìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin, orúkọ yẹn kò lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yí padà. Ó di ibi tí ọkọ̀ ti ń bá ẹni tó ń wà á sọ̀rọ̀.

Ibo ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti máa jáde? Ṣé iwájú dírẹ́bà ni, lẹ́yìn sítíárìn, tàbí àárín ọkọ̀? Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí dírẹ́bà bá gbé ojú kúrò lọ́nà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ó ti rìn ju ìdajì pápá bọ́ọ̀lù lọ láìwo iwájú. Ẹ fi kòtò tàbí ọmọ iléèwé kan sí ìdajì pápá yẹn.

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, géèjì kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, èyí tó ń fi hàn bóyá iná ń wọ inú bátìrì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye epo tó kù yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé àga iwájú sókè, yóò sì ti igi bọ inú táǹkì, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́ja bá ń wo ibi tí epo pupa dé nínú kẹ́ẹ̀gì. Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá, aago ńlá kan ló wà níwájú dírẹ́bà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kò sì ní géèjì epo títí di bí ọdún 1961. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, dírẹ́bà yóò yí ọ̀pá kékeré kan kí ìwọ̀nba epo tó kù nísàlẹ̀ táǹkì lè wá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni géèjì.

Lọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún inú igbó àti ẹrẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Jíìpù tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì ní àwọn aago rẹ̀ ní àárín. Lẹ́yìn ogun, Maurice Wilks, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Rover ní Bìrìtìkó, ń lo irú jíìpù bẹ́ẹ̀ lóko rẹ̀, ó sì pinnu pé àwọn náà lè ṣe tiwọn. Nínú àwòṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1947, àárín gan-an ni wọ́n gbé sítíárìn sí, bíi ti katakata. Nígbà tí Land Rover jáde fún títà ní 1948, sítíárìn ti padà sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn aago dúró sí àárín.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní àwọn ilẹ̀ kan ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà, ní òmíràn ọwọ́ ọ̀tún. Bí aago bá wà láàárín, dáṣíbọ́ọ̀dù kan náà yóò bá ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún mu, yóò sì bá ti òsì mu. Mini tí Alec Issigonis yàwòrán rẹ̀, tó jáde ní 1959, ṣe ohun kan náà: aago eré kan gbàǹgbà láàárín. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ irú ayé tí wọ́n ń tajà sí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1972, ọwọ́ òsì la ń gbà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún yẹn, gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Oníṣòwò wo ni yóò fẹ́ máa ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù oríṣi méjì nínú irú ayé bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, lójú tèmi, àpò ẹni tó ń tà á ni aago àárín kọ́kọ́ ṣe láǹfààní, kì í ṣe ojú ẹni tó ń wà á. Rover náà yí i padà. Nígbà tí Series III jáde ní 1971, wọ́n gbé àwọn aago wá síwájú dírẹ́bà. Ọdún 23 ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kó wà lẹ́yìn sítíárìn. Nínú igbó, eré kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí dírẹ́bà fẹ́ mọ̀ ni bí ọkọ̀ ṣe dagun tó, kó má baà ṣubú. Mitsubishi Pajero ti àwọn ọdún 1980 ní aago kan fún èyí, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, láàárín, nítòsí gíláàsì iwájú. Mo fẹ́ràn ibi tí wọ́n gbé e sí. Ojú kò ní láti sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà náà sì lè rí i kó pariwo.

Lẹ́yìn náà ni sìkírìnì dé. Buick Riviera ti 1986 ní Amẹ́ríkà ní èyí tí à ń fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ráhùn pé ó ń gba ojú wọn lọ́nà, kò sì pẹ́ tí Buick fi yọ ọ́ kúrò. Bọ́tìnnì ṣeé fi ọwọ́ wá láìwò ó, bí a ṣe ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù nínú òkùnkùn. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi kan tó ń wa jíìpù tuntun máa ń páàkì kó tó lè dín atẹ́gùn tútù kù. Síbẹ̀, ọgbọ́n kò jẹ́ kí n bú sìkírìnì pátápátá. Láti 2019, àwọn ọkọ̀ Land Rover kan ti ní kámẹ́rà tó ń fi ilẹ̀ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì han dírẹ́bà, òkúta tí ojú èèyàn kò lè rí láéláé. Kò sí aago àtijọ́ tó lè ṣe ìyẹn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Ineos Grenadier. Land Rover Defender àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2016, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì fẹ́ kó kú. Ìyẹn ló bí Grenadier, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jáde ní 2022. Ó ní bọ́tìnnì ńláńlá, àwọn kan wà lókè orí dírẹ́bà bíi ti ọkọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn sítíárìn: àwọn iná ìkìlọ̀ kéékèèké nìkan ló wà níbẹ̀. Aago eré wà lórí sìkírìnì, ní àárín, níbi tí ti Land Rover 1948 wà. Tesla Model 3 ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í gun òkè olókùúta.

Ní Yúróòpù, Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, ti sọ pé láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba máàkì tó ga jù gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá gidi fún nǹkan márùn-ún: iná tí à ń fi sọ pé a fẹ́ yà, iná ìkìlọ̀ pàjáwìrì, fèrè, wáípà, àti bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ láti ké sí àwọn aláàbò. Ibi tó yẹ kí aago eré wà kò sí lára márùn-ún náà.