Gígé Ìwé Àṣírí Wẹ́wẹ́

Èyí ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé ìwé tí ilé tàbí ilé-iṣẹ́ kò lò mọ́, kí ojú àjèjì má baà tó o. Abbot Augustus Low gba ìwé-àṣẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1909.

Kì í ṣe gbogbo gígé ló ń bo àṣírí. Lọ́dún 1979, nígbà tí àwọn ará Iran ya wọ ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gé ìwé wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ará Iran fara balẹ̀ tò ó pọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé. Ìlànà DIN 66399 ti Jámánì pín gígé bébà sí ìpele 7. Ní ìpele tó le jù, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 5 mm² lọ.

Àwọn oníṣẹ́ yìí a gbé àpótí alágádágodo sí ọ́fíìsì, wọn a kó ìwé inú rẹ̀ lọ gé, tàbí kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá gé e lójú oníbàárà, wọn a sì fún un níwèé ẹ̀rí. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ti wà láti 2023, síbẹ̀ bébà ọ́fíìsì ṣì ń wé ẹ̀pà àti àkàrà, tòun ti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni ẹlẹ́ni lára rẹ̀.