Balùwẹ̀ Ilé Bàbá Wa

Kò sí ọdún kan tí àwọn kan nínú wa kì í ti Èkó, Ìbàdàn tàbí òkè òkun fi owó ránṣẹ́ pé kí a tún ilé bàbá àwọn ṣe. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ inú ilé. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí kò yẹ kí arúgbó máa fi ọwọ́ wá ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú òjò òru. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ti ra táìsì kí ó tó béèrè ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi fẹ́ pìtàn díẹ̀.

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Sekona dé Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rí ń bẹ nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Frank Willett, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957, àti Peter Garlake, tí ó walẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalára ní ọdún 1971, bá àgbàlá tí a fi àpáàdì tẹ́, tí a to etí àpáàdì náà sókè ní ẹsẹẹsẹ. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí ọdún 1400 ni a ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jùlọ. Àárín àwọn mìíràn tẹ̀ wọnú bí àwo kí omi lè ṣàn lọ síbẹ̀, a sì ri ìkòkò mọ́ àárín àwọn kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu gbé iṣẹ́ yìí fún Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba ní Ifẹ̀. Bí ìyàwó ilé kan bá sọ pé obìnrin ni yóò ronú irú èyí, a kò ní bá a jiyàn.

Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá ni ó yí àgbàlá ká, omi òjò a sì máa ti orí òrùlé bẹẹrẹ ṣàn sínú ìkòkò. Balùwẹ̀ kò sí lábẹ́ òrùlé náà rárá. Ẹ̀yìn ilé ni ó wà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. A ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí i ká, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ rẹ̀, omi ọṣẹ yóò sì máa ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò. Ibi ìgbọ̀nsẹ̀ tún jìnnà sí i, ní ọ̀nà ààtàn. Bí a bá sì fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, ìyá àgbà a jókòó lórí àpótí, a na ẹsẹ̀ méjèèjì, a gbé ọmọ lé ojúgun, omi gbígbóná yóò wà lápá kan, omi tútù lápá kejì, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti ìkòkò àgbo. Iṣẹ́ yìí gba àyè, àyè náà sì wà.

Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n mú ilé ọlọ́nà-àárín wá, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Owó kòkó ni ó gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ dé àwọn ìlú òkè. Síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ àti ṣálángá wà, wolé-wolé a sì máa wá yẹ̀ wọ́n wò. Ní Èkó, agbépòó ni ó ń fi òru ru garawa. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ láti Ìjú wọ Èkó, àwọn ará ìlú tako owó omi náà gidigidi ní ọdún 1908. Omi ẹ̀rọ yìí ni ó jẹ́ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè wọ inú ilé, pẹ̀lú páìpù tí a tẹ̀ bí ejò, tí omi máa ń dúró nínú rẹ̀ kí òórùn má baà padà wọlé. Láti ọdún 1775 ni Alexander Cumming ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, ẹni tí yóò gbé balùwẹ̀ wọ ilé ọlọ́nà-àárín, yàrá ìkẹyìn tí ògiri rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ni kí ó mú. Kí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìwẹ̀ àti ibi ìfọwọ́ wà lára ògiri kan náà, kí páìpù má baà rìn kiri inú ilé. Páìpù oní-íńṣì mẹ́rin yẹ kí ó fi íńṣì kan rẹlẹ̀ nínú ogójì. Ṣókàwéè yẹ kí ó jìnnà sí kànga tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó má sì wà lókè rẹ̀. Àwa tí a ń kọ èyí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a tún ilé tiwa ṣe. Ogún ìṣísẹ̀ sí kànga, ní apá òkè, ni bírìkìlà gbẹ́ ẹ sí, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Kànga tí bàbá wa gbẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pọn, ni a fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́. A dí ṣókàwéè náà, a sì gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní àwọn aládùúgbò kò tíì padà wá pọn ọ́n.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn àgbà a máa sin òkú sínú ilé. Kí plọ́ḿbà tó fọ́ ilẹ̀ yàrá, ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí ẹni tí ó sùn síbẹ̀.

Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tí àwọn ará òkè òkun fẹ́ràn ń gba ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Èyí tí a mọ̀ nílé, omi ni wọ́n ń tọ́jú sínú rẹ̀ bí ẹni pé àgbá ni. Ẹ sì wo iye omi tí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ yóò máa gbé mì. Àwọn ti àtijọ́ ń lo lítà mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó kéré ń lo mẹ́fà. Ọmọ tí ó ń fa omi nínú kànga ni yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a tún ètò tiwa ṣe, eérú ni a fi fa ilà balùwẹ̀ náà sí ilẹ̀ yàrá, a sì gbé àpótí fún ìyá wa kí ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ wẹ ọmọ. Wọ́n na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kan ilà. Wọ́n wá béèrè pé, “Níbo ni ẹ ó gbé omi gbígbóná sí?” A sún ògiri náà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀.