Lọ sókè sódò

Lọ sókè sódò ni àpólà ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá máa ń lò fún ohun tó ṣeé wọ̀n tàbí tó ṣeé kà, tí kò dúró sójú kan. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ló tún ń dín kù, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni yóò wà lọ́la. Iye owó ọjà, dọ́là àti ìgbóná ara aláìsàn la sábà máa ń gbọ́ ọ mọ́. Nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ló ń sọ, “ń” ló máa ń ṣáájú rẹ̀: owó kòkó ń lọ sókè sódò.

Ọjà kòkó ọdún 2024 gan-an ló fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn ba kòkó jẹ́ ní Côte d'Ivoire àti Gánà, àwọn méjèèjì tí èyí tó ju ìdajì kòkó ayé ti ń wá. Nínú oṣù Kẹrin, tọ́ọ̀nù kan kọjá 11,000 dọ́là lọ́jà New York. Nínú oṣù Karùn-ún, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 7,000. Nígbà tó máa fi di oṣù Kejìlá, ó ti kọjá 12,000. Àgbẹ̀ tó di kòkó rẹ̀ mú ní Oǹdó lè pàdánù, ẹni tó yára tà á náà lè kábàámọ̀. Ewu ọ̀tún-tòsì yìí wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Epo rọ̀bì ọdún 2008 yàtọ̀. Àgbá kan kọjá 145 dọ́là nínú oṣù Keje, kò sì tó 40 mọ́ nínú oṣù Kejìlá. Ó já wálẹ̀ ni, kò lọ sókè sódò.

Ṣe ségesège súnmọ́ ọn, àmọ́ kò béèrè òǹkà. Iná mànàmáná ń ṣe ségesège: gílóòbù á tàn yòò, á tún di bàìbàì, fáànù á sáré, á tún máa wọ́lẹ̀. Ìwà èèyàn náà lè ṣe ségesège, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ìwà ń lọ sókè sódò.

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ọjà tó ń wọ́n sí i lójoojúmọ́ láìwálẹ̀ kò lọ sókè sódò. Ọ̀wọ́n gógó ni, orúkọ yẹn sì ni kí ẹ pè é.