Ebi Kì Í Ṣe Oògùn Àtọ̀gbẹ

Tí a bá ti sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ lórí rédíò, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní àrùn ṣúgà, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi wá: "Nọ́ọ̀sì, kí ni ká má jẹ mọ́?" Ẹlòmíì ti yọ ẹ̀kọ, ó ti yọ iṣu, ó ti yọ gàrí, ó wá ku ewébẹ̀ àti omi. Ẹlòmíì tiẹ̀ ti gbé oògùn tì, ó ní oúnjẹ tí òun ò jẹ ti tó oògùn. Ẹ jẹ́ kí n pìtàn kan fún yín, torí pé àwọn kan ti gba ọ̀nà yẹn rí, a sì mọ ibi tó já sí.

Ní 1870, àwọn ọmọ ogun Jámánì ká ìlú Paris mọ́, wọn ò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Ìwọ̀nba búrẹ́dì ni wọ́n ń pín fún àwọn ará ìlú. Dókítà kan níbẹ̀, Apollinaire Bouchardat, wá rí i pé ṣúgà inú ìtọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ tó ní àtọ̀gbẹ ń dínkù. Ìmọ̀ràn rẹ̀ fún wọn ni pé kí wọ́n dín oúnjẹ tó ń di ṣúgà lára kù, kí wọ́n sì máa fi ara ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn gidi ni. A ṣì ń fún yín nírú rẹ̀ lónìí.

Ní 1889, dókítà méjì ní Jámánì, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering, yọ páńkíríásì ajá kan. Ẹ̀yà ara kan ni, ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣáá, ìtọ̀ rẹ̀ sì kún fún ṣúgà. Wọ́n wá mọ̀ pé páńkíríásì ní nǹkan kan tó ń ṣe sí ṣúgà, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó rí nǹkan náà yọ.

Nígbà tó di nǹkan bí 1914, Dókítà Frederick Allen ní Amẹ́ríkà sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ dídín di ebi gan-an. Aláìsàn á gbààwẹ̀ títí ṣúgà á fi tán nínú ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wá máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ṣúgà bá tún yọjú, ó tún di ààwẹ̀. Ewébẹ̀ pàápàá, wọ́n á sè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sì da omi rẹ̀ nù. Ẹ má tíì bú u o. Nígbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ kú. Ebi yẹn fi oṣù tàbí ọdún díẹ̀ kún ẹ̀mí àwọn kan. Àwọn mìíràn, ebi náà ló pa wọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Elizabeth Hughes. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un ní 1919. Ó tẹ̀lé òfin oúnjẹ náà gidigidi. Ní oṣù kẹjọ 1922, tó ń lọ sí ọmọ ọdún 15, ó kù bíi kílò 20 péré. Àpò ìrẹsì kékeré lè wúwo jù ú lọ.

Àmọ́ ní Toronto, ní Kánádà, Frederick Banting, Charles Best, James Collip àti John Macleod ti rí nǹkan tí páńkíríásì ń ṣe yẹn. Ínsúlìn ni. Ní oṣù kìíní 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ kò mọ́ dáadáa, wọ́n tún un ṣe, èkejì sì ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé Elizabeth náà lọ sọ́dọ̀ Banting. Ó gba abẹ́rẹ́, ó jẹun, ó sanra. Ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta, 1981 ló tó kú.

Ṣé ẹ rí i? Ara rẹ̀ dà bí ẹni tó kó àgbàdo dé ẹnu àká tí kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ínsúlìn ni kọ́kọ́rọ́ náà. Bí a bá dín àgbàdo kù, ìyẹn ò ní kó ṣílẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń mumi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, tó sì ń rù, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ti wà lórí ínsúlìn, ẹ má ṣe dá a dúró torí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Àtọ̀gbẹ tó ń mú àgbàlagbà, oúnjẹ wúlò fún un púpọ̀: ẹ dín ẹ̀kọ kù, ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un, ẹ má mu ohun mímu aládùn. Ṣùgbọ́n dídín kì í ṣe ebi. Ẹni tó lo oògùn tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ jù: á máa làágùn, á máa gbọ̀n, òòyì á kọ́ ọ. Bó bá lè gbé nǹkan mì, omi ṣúgà ni kẹ́ ẹ fún un kíákíá, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.

Kẹ́ ẹ tó yọ oúnjẹ kankan pátá, ẹ wá bi wá. Ire o.